Ọ̀mùtí Tó Ń Wá Ọ̀mùtí

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ọkùnrin ará New York kan dúró nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì Mayflower ní ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bill Wilson lorúkọ rẹ̀. Òwò tó torí rẹ̀ wá sí ìlú náà ti forí ṣánpọ́n, owó tó kù lápò rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá lọ, kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní apá kan gbọ̀ngàn yẹn, wọ́n ń ta ọtí, ẹ̀rín àwọn tó ń mu ún ń dún létí rẹ̀. Ní apá kejì, tẹlifóònù wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú sí. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí Bill ti fẹnu kan ọtí kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ọtí ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tó sì ti sọ ọ́ di èrò ọsíbítù. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, ó ti parí nìyẹn.

Ó gba ìdí tẹlifóònù lọ. Nígbà tí àlùfáà kan gbé e, Bill ò ní kó gbàdúrà fún òun. Ó ní kó bá òun wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀.

Ó ní ohun tó rí. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ní New York ló ti ń lé àwọn ọ̀mùtí kiri, tó ń wàásù fún wọn. Ẹyọ kan ò jáwọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò tó fi ń lé wọn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ò mutí.

Àlùfáà ka orúkọ èèyàn mẹ́wàá fún un. Ibi tó ti ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ló ti gbúròó Henrietta Seiberling, ìyàwó ọmọ ọkùnrin tó dá ilé-iṣẹ́ táyà Goodyear sílẹ̀. Henrietta mọ irú ẹni tó ń wá: Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ, tí ọtí fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe Anne, ìyàwó dókítà. Anne ní ti ọjọ́ yẹn ò lè ṣeé ṣe. Ọjọ́ kejì ni àyájọ́ àwọn ìyá, ọkọ òun sì ti gbé òdòdó inú ìkòkò wálé fún òun. Òdòdó wà lórí tábìlì, ọkọ wà lábẹ́ tábìlì, ó ti yó kẹ́ri.

Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bob wá pàdé Bill pẹ̀lú orí fífọ́. Ó ti búra pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lòun máa lò. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá kí wọ́n tó dìde.

Bob kì í ṣe aláìmọ̀kan. Dókítà ni, ó sì ti lé ní ọdún méjì tó ti ń lọ sí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan tí Anne àti Henrietta ń lọ, tí wọ́n ń bá a gbàdúrà. Ó ń mutí lọ bó ti ń mu ún. Ohun tí kò rí rí ni ẹni tó ti jìn sí kòtò yẹn gan-an. Bill ò wàásù fún un. Ìtàn ara rẹ̀ ló ń sọ, bó ṣe ń jí owó nínú pọ́ọ̀sì ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú. Bob tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, 1935, ó mu èyí tó mu kẹ́yìn láyé. Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí gbogbo èèyàn ń pè ní AA, kà sí ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, kò sí pátákó tó ń júwe ìpàdé. Ilé ara wọn ni wọ́n ti ń pàdé. Ìwé wọn jáde ní 1939; ní oṣù Kẹta 1941, ìwé ìròyìn Saturday Evening Post kọ nípa wọn, nígbà tí ọdún yẹn sì máa fi parí, iye wọn ti kúrò ní nǹkan bí 2,000, ó ti di 8,000. Ẹ wo iye èèyàn tó ti ń jìyà nínú ilé, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà!

Lónìí, fóònù lè júwe ìpàdé. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí èèyàn wọlé. Láàárín àwa Yorùbá, bí ẹnì kan bá di ọ̀mùtí, a máa ń ní ayé ló ń ṣe é, a ó máa gbé e kiri orí òkè àdúrà. Àdúrà ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tún rí ẹni tó ti jẹ́ ọ̀mùtí rí. Kò ní san kọ́bọ̀ kó tó wọ ìpàdé AA, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ti tó, bí kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, kó jókòó kó máa gbọ́. Ní 2020, àwọn olùwádìí Cochrane yẹ ìwádìí 27 wò. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tó ń fa èèyàn wọ AA ń mú kí àwọn tó jáwọ́ pátápátá pọ̀ ju ti àwọn ìtọ́jú mìíràn tó lórúkọ lọ.

Ẹni tó ń mu ọtí kíkankíkan lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Bó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un, ó sì lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Àwọn ìpàdé kan wà fún ọ̀mùtí nìkan. Àwọn mìíràn gba ẹnikẹ́ni, ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n lè sìn ín lọ. Bí ọkọ bá sì kọ̀ jálẹ̀, ìyàwó lè dá lọ sí Al-Anon, ẹgbẹ́ àwọn ará ilé ọ̀mùtí, èyí tí Lois, ìyàwó Bill, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1951.