Ilé Tí Ọmọ Kò Jogún

Bàámi ń kọ́lé. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ilé ọ̀hún ti dúró sí líńtẹ̀lì. Bówó bá wọlé, wọ́n á ra sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá san owó iléèwé wa, iṣẹ́ á tún dúró. "Ṣebí ẹ̀yin ọmọ ni mò ń kọ́ ọ fún." Èmi á kàn rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ gbé abúlé yẹn, jàre?

Àfìgbà tí mo ṣí ìwé kan ní láíbìrì, tí mo rí ilé Moïse de Camondo ní Paris, nọ́ńbà 63, rue de Monceau. Irú ilé táwọn ọlọ́lá Faransé ń kọ́ sígboro ni: àgbàlá níwájú, ọgbà òdòdó lẹ́yìn. Júù ni Camondo, Istanbul ni wọ́n ti bí i, ìdílé oníbáńkì ni wọ́n. Ní 1911, ó wó ilé àwọn òbí rẹ̀, ó ní kí René Sergent kọ́ òmíràn, kó fi ààfin kékeré Petit Trianon ní Versailles ṣe àwòkọ́ṣe.

Ti ara ògiri ló yà mí lẹ́nu jù. Pákó ọlọ́nà àtijọ́ ni Camondo rà jọ láti fi bo ògiri. Wọn ò gé pákó bá yàrá mu o. Yàrá ni wọ́n kọ́ bá pákó mu! Síbẹ̀, ilé ìdáná, bálùwẹ̀ àti lífítì, tìgbàlódé ni.

Nissim, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló yẹ kó jogún rẹ̀. Ní 1917, Nissim tó ń wa bàálù kú sójú ogun. Bàbá fi ilé náà sílẹ̀ fún Faransé, ó ní kí wọ́n fi orúkọ Nissim pè é, kí wọ́n má ṣí nǹkan kan nípò. Ó kú ní 1935. Ní 1936 wọ́n ṣí ilé náà fún aráàlú.

Ó wá ku Béatrice, ọmọbìnrin rẹ̀. Ìlú tí bàbá rẹ̀ fún nílé ò gbà á là. Láàárín 1943 sí 1944, òun, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì àti bàbá wọn, Léon Reinach, ni wọ́n kó lọ sí Auschwitz torí pé Júù ni wọ́n. Kò séyìí tó padà. Ilé kù, ìdílé tán.

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ti kọ òwe yìí sínú ìdánwò rí, mo sì gba máàkì. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo délé, mo ní, "Bàámi, yàrá wo ni tèmi?" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá dìde, wọ́n mú mi la koríko kọjá, wọ́n nàka sí i.