Ilẹ̀ Tí Omi Yá Wọn: Mo Gun Kẹ̀kẹ́ Ní Àbàtà Somerset

Ọmọ Èkìtì ni mí, orí kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi ni mo sì ti kọ́ pé òkè kì í ṣe ọ̀rẹ́ ènìyàn. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní Bristol, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ fún mi pé ilẹ̀ kan wà ní gúúsù wa tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, inú mi dùn. Mo ní bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, eré ọmọdé ni. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi wọ ọkọ̀ ojú irin, mo sì sọ̀ ní Bridgwater.

Somerset Levels ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà. Ó tó nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 650, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì fi mítà mélòó kan ga ju òkun lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàrin òkun tí ó kún àti òkun tí ó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ní ẹnu òkun Bristol, ìyàtọ̀ náà lè tó mítà 14. Bí òkun ibẹ̀ bá kún dáadáa, ó ga ju oko àwọn ènìyàn lọ. Odò Parrett tí ó la ilẹ̀ náà kọjá kò lè ṣàn wọ òkun nígbà náà. Òkun ni yóò máa ti omi padà sínú odò. Èyí ni wọ́n fi mọ òkìtì amọ̀ gíga sí etí odò méjèèjì, tí ó fi jẹ́ pé bí o bá dúró nínú oko, òkè orí rẹ ni odò wà. Àwọn ẹlẹ́sìn inú ilé ńlá Glastonbury, Muchelney àti Athelney ni wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò láti ayé àtijọ́ kí omi lè kúrò lórí ilẹ̀. Láàrin ọdún 1791 sí 1795 ni wọ́n gbẹ́ ipa omi ńlá tí a ń pè ní King's Sedgemoor Drain. Ní 1830 wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ kalẹ̀ sí Westonzoyland láti máa fa omi oko sókè dà sínú odò.

Mo kúrò ní Bridgwater, mo dojú kọ Westonzoyland, ibẹ̀ ni ojú mi sì ti là. Kò sí òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni òkè ibẹ̀. Òkè Èkìtì, bí o bá gùn ún tán, ìsọ̀kalẹ̀ ń bẹ níwájú; afẹ́fẹ́ àbàtà kò ní ìsọ̀kalẹ̀. Ó ń fẹ́ bọ̀ láti gúúsù, kò sí igi, kò sí ilé tí yóò dá a dúró, mo sì ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni ń gún iyán fún ogun àlejò. Àwọn ọ̀nà kéékèèké ibẹ̀ náà ní ìwà tiwọn. Ẹ̀bá kòtò ni wọ́n ń tọ̀. Bí kòtò bá yà lójijì, títì á yà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹni tí ó ń sáré lórí kẹ̀kẹ́ sì ṣọ́ra rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tí ewéko jíjẹrà fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó jọ ni ó wà nísàlẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Bí omi bá kúrò nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń sún kì, ó sì ń rì, títì orí rẹ̀ á wá máa ga, á máa lọ sílẹ̀ bí ìgbì ọ̀sà. Ìdí mi gbọ́ ọ.

Ní ẹ̀yìn Westonzoyland ni ogun Sedgemoor ti jà ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1685. Duke ti Monmouth fẹ́ gba adé lọ́wọ́ Ọba James Kejì, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ahunṣọ ni ó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun rẹ̀. Wọ́n wọ́ lọ ní òru nínú ìkùukùu láti ká àwọn ọmọ ogun ọba mọ́ ojú oorun, ṣùgbọ́n ìbọn dún kí wọ́n tó dé, kòtò omi kan sì dá wọn dúró. Ibẹ̀ ni ìbọn ọba ti pa wọ́n ní ìpakúpa. A ti nǹkan bíi 500 ẹlẹ́wọ̀n mọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà. Ṣọ́ọ̀ṣì yìí ṣì dúró, mo wọ inú rẹ̀. A so ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ́, a sì kó bíi 800 lọ sí àwọn erékùṣù West Indies láti ṣiṣẹ́ oko fún ọdún 10. Mo dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọdún 10 yìí. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bá nínú oko wọ̀nyẹn, ta ni ó dá ọdún fún wọn?

Mo gba Othery dé Burrowbridge. Òkè kan ṣoṣo dá dúró níbẹ̀, Burrow Mump ni orúkọ rẹ̀, ahoro ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Kò ga ju mítà 24 lọ. Ní Èkìtì a kò ní sọ ọ́ lórúkọ. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti ọgbà, mo fi ẹsẹ̀ gùn ún. Nígbà tí mo dé orí rẹ̀ ni mo tó mọ ibi tí mo wà. Omi ni gbogbo ìsàlẹ̀, omi òjò òtútù tí ó kún oko, tí igi wílò yọ orí jáde nínú rẹ̀ bí ẹni ń wẹ̀. Igi wílò yìí ni wọ́n ń gé láti fi hun apẹ̀rẹ̀, àní wọ́n ń fi í hun pósí òkú. Athelney, níbi tí Ọba Alfred sá pamọ́ sí fún àwọn ará Denmark ní ọdún 878, kò jìnnà síbẹ̀. Àbàtà ni ó gbà á là. Ta ni yóò tọpa ọba wọ inú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Láti ibẹ̀ mo tọ etí odò lọ sí Stathe, mo gun òkè Curry Rivel, mo sì sọ̀ sí Drayton. Muchelney ni mò ń lọ, mo ti ń wo ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lókèèrè. Àṣé omi ti bo ọ̀nà kékeré náà. Mo wò ó, mo ní kò lè kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Mo ti rò ó pé bí n bá padà gba Langport, ilẹ̀ yóò ṣú. Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo ti kẹ̀kẹ́ wọ omi, ó tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, nígbà tí mo gbọ́ ìró katakata lẹ́yìn mi.

Ìyá àgbà kan ni ó wà lórí rẹ̀. Ó ní, “Olólùfẹ́ mi, níbo lò ń lọ?” Ẹ jọ̀wọ́, kí ìyàwó mi má ṣì mí gbọ́: bí àwọn àgbà ìhà ibẹ̀ ti ń kí àlejò nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé, “Mà, Muchelney ni mò ń lọ, omi náà kò jìn.” Kò bá mi jiyàn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá gígùn kan, ó wọ omi dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì tì í bọlẹ̀ níwájú mi gan-an, níbi tí mo rò pé títì ni. Ọ̀pá náà lọ, ó lọ, ó kù díẹ̀ kí omi kan ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ti yà, èmi kò rí i. Kòtò ni mò ń kọjú sí. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, kì í ṣe òtútù nìkan ni ó fà á.

Nígbà tí a padà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sọ̀rọ̀ ọdún 2014 fún mi. Òjò rọ̀ láti òpin 2013, omi bo ohun tí ó ju kìlómítà onígun mẹ́rin 60 lọ, Muchelney di erékùṣù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ ra búrẹ́dì. Màlúù ìyá yìí, ọkọ̀ ẹrù ni ó kó wọn lọ sí oko olóko, púpọ̀ kò sì padà. Wọ́n ní láti yá ẹ̀rọ ìfami ńláńlá láti ilẹ̀ Holland. Ó ní àwọn alákòóso ti jẹ́ kí ẹrẹ̀ kún inú odò láti ọdún pípẹ́, nígbà tí bàbá òun wà láyé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé òjò náà pọ̀ ju ohun tí odò gbígbẹ́ nìkan lè gbà lọ, èmi sì rò pé òótọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kìlómítà mẹ́jọ ni wọ́n sáré gbẹ́ nínú odò Parrett àti Tone ní ọdún 2014 kan náà, ẹni tí ilé rẹ̀ ti kún sì lè béèrè pé kí ló dé tí a kò gbẹ́ ẹ ṣáájú. Láti 2016, àwọn onílé Somerset ń san owó díẹ̀ lé owó orí ilé wọn fún ìtọ́jú odò àti kòtò. Ìyá náà ń san tirẹ̀. Ó ní owó náà kò dun òun, bí òun bá ṣáà ti ń rí ẹni tí ó ń gbẹ́ ẹrẹ̀.

Mo padà gba Langport. Ọ̀nà tí ó ti ibẹ̀ lọ sí Muchelney, wọ́n ti gbé e ga lẹ́yìn ìkún omi náà, mo sì gùn ún lọ láàrin omi ọ̀tún àti omi òsì láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, “erékùṣù ńlá” ni ìtumọ̀ Muchelney. Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Mo yí ahoro ilé àwọn ẹlẹ́sìn po, mo mu tíì tí mo gbé dání, ilẹ̀ sì ti ń ṣú.

Wọ́n ti ti ibùdókọ̀ ojú irin Langport láti 1964, ó di dandan kí n padà sí Bridgwater lórí kẹ̀kẹ́. Mo tan iná iwájú, mo tan ti ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ tí ó ti fìyà jẹ mí láàárọ̀ wá wà lẹ́yìn mi, ó ń tì mí lọ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ó sáré mi ju bí ó ti yẹ lọ. Níbi tí omi bá ti dán lójú títì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó dáadáa kí n tó kọjá.