Òṣùká Bàbá Mi

Akọ̀wé ní kí n kọ díẹ̀ nípa bàbá mi, nítorí pé àwa ọmọ rẹ̀ yóò ṣe ìrántí rẹ̀ l'óṣù tí ń bọ̀. Ohun tí ó ti ń dùn mí láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Warri níhìn-ín, àwa ọmọ ṣọ́jà a máa fi ogun tí àwọn bàbá wa bá àwọn Jàpáàní jà ní Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar nísinsìnyí, ṣe fáàrí. Mo bi tèmi pé ènìyàn mélòó ni ó pa. Ó ní, "Èmi? Ẹrù ni mo rù." Ojú tì mí. L'ọ́jọ́ kan tí inú bí mi, mo pè é ní aláàárù l'ójú ara rẹ̀. Kò lù mí. Ó dìde, ó sì jáde.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo wá mọ̀. Ó wà l'ára àwọn oníbọn àgbá ti Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1943, tí ó sì jà ní Arakan láti ìparí 1944 wọ 1945. Àgbá wọn, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 3.7, ṣeé tú sí wẹ́wẹ́. Ìbaaka mẹ́jọ ni òyìnbó ní l'ọ́kàn pé yóò máa rù ú. Ṣùgbọ́n eṣinṣin tí ń fa àrùn oorun kì í jẹ́ kí ìbaaka pẹ́ l'áyé ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, orí ènìyàn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọta kan ṣoṣo wúwo tó pọ́ùn 20. Nínú igbó tí mọ́tò kò lè gbà, bí aláàárù kò bá dé, àgbá kò ní dún, àwọn tí ń bẹ n'íwájú a sì kú.

Àmì Dífíṣọ̀n náà ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn gba inú òṣùká. Òṣùká o, ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà! Láti kékeré ni mo ti ń rí i l'ára aṣọ kan nínú àpótí rẹ̀, tí mo rò pé ẹ̀gbà ni. Letmauk, níbi tí Dífíṣọ̀n náà gbé jà, ni wọ́n fi sọ bárékè Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti kọjá níbẹ̀ tí n kò béèrè!

Kòkòrò ti jẹ apá aṣọ náà kan, ṣùgbọ́n àmì náà kò bàjẹ́. N ó gbé e wá sí ìpàdé l'óṣù tí ń bọ̀, kí àwọn ọmọ wa lè rí i.