Ìwé Tó Lo Ọjọ́ Mẹ́sàn-án ní Èkó

Àwọn tó ń jà fún ìlera àti ẹ̀tọ́ obìnrin lórí ọ̀rọ̀ oyún àti ọmọ bíbí kò lè tètè gbàgbé ìparí oṣù Òkúdù sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Agẹmọ ọdún 2022. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24 oṣù Òkúdù, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé ìdájọ́ Roe v. Wade ti ọdún 1973, èyí tó fún àwọn obìnrin ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́ oyún. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé ìlànà kan jáde fún àwọn oníṣègùn, ológójì ojú-ewé, lórí bí wọ́n ṣe lè fòpin sí oyún láìséwu níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù Agẹmọ, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìwé náà dúró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò láyé.

Ìròyìn méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n sì di ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu ará ìlú: ohun tí Amẹ́ríkà ń dà nù ni Èkó ń ṣà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ìwé Èkó kò dá ẹ̀tọ́ tuntun kankan sílẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin, ó sì fi ọdún 7 lélẹ̀ fún obìnrin náà fúnra rẹ̀. Òfin kan náà, ní abala 297, ló ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó bá fi òtítọ́ inú àti ìmọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ láti dá ẹ̀mí ìyá sí. Nígbà tí Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011, wọ́n fi ìlera ara ìyá kún ẹ̀mí rẹ̀. Nítorí náà, àyè ti wà tipẹ́. Ohun tí kò sí ni ìwé tí yóò sọ fún dókítà ibi tí àyè ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀mí ti ń bọ́. Bí obìnrin tó ní àrùn ọkàn bá lóyún oṣù mẹ́rin, tí èémí kò sì já geere mọ́, ta ni yóò sọ pé ewu ti tó? Ṣé ìgbà tó ṣì lè jókòó ni, àbí ìgbà tó bá dákú? Kò sí ọlọ́pàá nínú yàrá náà, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ireland ti rí irú rẹ̀ rí. Láti ọdún 1992 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ ti sọ pé a lè fòpin sí oyún bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu, ṣùgbọ́n fún ogún ọdún, ilé aṣòfin kò ṣe òfin tí yóò là á yé oníṣègùn. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2012, Savita Halappanavar, dókítà eyín, ẹni ọdún 31, wọ ilé ìwòsàn ní ìlú Galway pẹ̀lú oyún tó ti ń bà jẹ́. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà á kúrò lára òun. Wọ́n ní ọkàn ọmọ inú ṣì ń lù. Wọ́n ń dúró, títí àìsàn fi wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì kú. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n tó ṣe òfin náà.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì àti àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan tako ìwé Èkó, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni tó gbà pé ẹ̀mí ni ọmọ inú láti ọjọ́ kìíní kò lè dákẹ́. Àmọ́ Yorùbá náà ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìwé. Bí oyún bá bọ́ lára obìnrin, ohun tí àwọn tó wá kí i máa ń sọ ni pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra omi. Nínú àdúrà aboyún pàápàá, ohùn ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ń bẹ̀bẹ̀ láti gbọ́ kí wọ́n tó dé orí ohùn ọmọ.

Ẹ̀bi ìjọba ni pé ó sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn, kò sọ ọ́ lọ́jà. Àlàyé tí Kọmíṣọ́nnà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, ṣe ni pé wọ́n dá ìwé náà dúró kí wọ́n lè la ará ìlú lọ́yẹ̀ dáadáa. Ìlanilọ́yẹ̀ ni ó yẹ kó ṣáájú! Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2021, àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jiyàn ní Àjàṣẹ́ lórí òfin tó gbòòrò ju ti Èkó lọ fíìfíì. Mínísítà ètò ìlera wọn, Benjamin Hounkpatin, ní ó tó nǹkan bí igba obìnrin tí oyún ṣíṣẹ́ ń pa lọ́dọọdún. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ bínú. Wọ́n gba òfin náà wọlé síbẹ̀. Nàìjíríà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n pé nǹkan bí obìnrin 82,000 ni oyún àti ìbímọ pa níhìn-ín ní ọdún 2020. Kì í ṣe oyún ṣíṣẹ́ ló pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó ń pa wọ́n.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ṣe ìlanilọ́yẹ̀ yìí káàkiri Èkó, lo ọjọ́ mẹ́sàn-án náà lórí fóònù. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ ń bi í léèrè bóyá ó ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ní ọjọ́ tí ìròyìn ìdádúró jáde, dókítà ọ̀dọ́ kan pè é.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣì lè ṣe é?”

“Dókítà, òfin tó wà lánàá náà ló wà lónìí.”

“Mo mọ̀, Mà. Ìwé tí mo máa fi han ọ̀gá mi ni mi ò ní mọ́.”

Ó ní òun ti ní kí wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Erékùṣù. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ lórí afárá.