Láti Òjòwò dé Gbọ̀ngàn Mápó

Ẹni tó bá dúró níwájú Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn yóò rí òrùlé páànù tó ti dípata títí dé ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Láti Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mo ti wọ mọ́tò débẹ̀ ní ìsinmi tó kọjá. Ní 1929, nígbà ayé Captain Ross, ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Ìjọba òyìnbó ló kọ́ ọ, pẹ̀lú òpó gàgàrà níwájú, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn ti sọ ọ́ di tiwọn: ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Ọba Lékan Balógun ládé ní 2022.

Ìsàlẹ̀ òkè náà ni ọkàn mi wà jù. Ibẹ̀ ni Ọjà'ba wà, ojúde àtijọ́ tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó yí ká ní nǹkan bí 1829. Ibi tí àwọn ará wa dó sí ń jẹ́ Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀bú títí dòní. Mo rìn débẹ̀, mo sì fi ohùn Ìjẹ̀bú kí ìyá kan tó ń ta ata. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, kí lo wí?"

"Mo ní ẹ kú ọjà o, mà. Ṣé Ìjẹ̀bú ni yín?"

"Rárá o. Ìbàdàn ni mí. Orúkọ àdúgbò lásán nìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì ẹ̀ka-èdè mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú, "án wá" lè jẹ́ "ẹ wá", ó sì lè jẹ́ "wọ́n wá". Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, "ẹ" àti "wọ́n" ni wọ́n ń lò. Orúkọ ṣẹ́kù, ohùn ti lọ.

Òjòwò ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Nílé wa, ẹnu màmá àgbà ni "án" kù sí. Àwọn òbí mi ń sọ ọ́ bí inú bá ń bí wọn. Àbúrò mi kékeré, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ogun kankan ò lé wa kúrò nílé.

Mápó kò di ahoro nítorí pé wọ́n ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè. Mo ti fi fóònù gba ohùn màmá àgbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó. Ní báyìí, bí àbúrò mi bá fẹ́ kí n dá òun lóhùn, àfi kó fi Ìjẹ̀bú pè mí. Ó ń ráhùn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́.