Àwọn Adágún Ẹ̀bá Ely, Níbi tí Owó Kò Ti Níṣẹ́

Ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá ààlà Kánádà, igbó kan wà tí à ń pè ní Boundary Waters. Adágún omi inú rẹ̀ ju 1,100 lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì lé ní 1,000,000 éékà. Kò sí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì níbẹ̀, kò sí ọjà, kò sí ilé àlejò. Ẹni tí ó di owó sápò wọ inú igbó yìí kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó di ewé sápò.

Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ń lọ pàgọ́ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìlú kékeré kan, Ely, ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbéra. Wọn a gba ìwé àṣẹ, wọn a kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọn a sì máa fi àjẹ̀ wà á lọ. Bí adágún kan bá parí, ọkọ̀ tí ó gbé wọn a wá di ẹrù wọn: wọn a gbé e lé èjìká, wọn a la igbó já sí adágún kejì. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ ibẹ̀ fi ń wọn ẹrù rẹ̀ bí ẹni ń wọn wúrà.

Òfin ibẹ̀ le, ó sì tọ́ kí ó le. Ènìyàn tí ó wà pọ̀ kò gbọdọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ, ọkọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin. Ẹ kò gbọdọ̀ kó oúnjẹ inú agolo tàbí ohun mímu inú ìgò wọ ibẹ̀. Igi gbígbẹ tí ó ti wó lulẹ̀ nìkan ni ẹ lè fi dáná. Bí omi ti wù kí ó mọ́ tó, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún. Béárì ńkọ́? Oúnjẹ ni ó ń wá kiri. Ẹ má ṣe gbé oúnjẹ sùn nínú àgọ́ láéláé. Ẹ so ó rọ̀ sókè lórí igi, jìnnà sí ibùsùn yín, tàbí kí ẹ tì í mọ́ inú àpótí líle tí béárì kò lè fọ́. Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀fọn oṣù Kẹfà ni ẹ bá máa bẹ̀rù. Ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní loon a sì máa ké lórí omi lóru bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Àlejò a rò pé iwin ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí: ọjà kan ti wà nínú igbó náà rí. Obìnrin kan, Dorothy Molter, tí ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kọ́kọ́ dé Knife Lake ní 1930. Ní 1948, ẹni tí ó ni ilé àlejò erékùṣù ibẹ̀ kú, ó sì fi í sílẹ̀ fún un. Ní 1949 Ààrẹ Truman pàṣẹ pé kí ọkọ̀ òfurufú má ṣe fò wálẹ̀ sórí igbó náà mọ́. Nígbà tí àṣẹ yìí múlẹ̀, ọ̀nà tí ohun mímu ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dí. Ìyá yìí kò jókòó tẹtẹrẹ. Ìgò òfìfo pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi omi adágún àti ṣúgà po root beer, ohun mímu dídùn tí kì í pa ni. Yìnyín tí wọ́n gé lórí adágún nígbà òtútù ni ó fi ń mú un tutù, ó sì ń tà á fún àwọn tí ń wa ọkọ̀ kọjá.

Nígbà tí ìjọba fẹ́ kí gbogbo ènìyàn kó kúrò nínú igbó, àwọn oníbàárà rẹ̀ fariga. A sì gbà kí ó máa gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó kú ní oṣù Kejìlá 1986, ẹni ọdún 79. Wọ́n tú ilé onígi rẹ̀ palẹ̀, wọ́n kó o lọ tún kọ́ sí Ely, níbi tí àwọn àlejò ti ń wò ó. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ ní Knife Lake lónìí, àfi kí ó dáná kí ó se omi rẹ̀.