Bẹntiróò Tàbí Díísù? Ẹ Wá Mẹkáníìkì Ná

Ohùn díísù tí mo kọ́kọ́ mọ̀, ẹnu ẹ̀rọ ìlọta ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ọkọ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sí ibi tí èèyàn lè dúró sí ní Ọjà'ba, n'Ìbàdàn, tí kò ní í gbọ́ Lister, tú-tú-tú, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Dursley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà náà. Agbára ẹṣin mẹ́fà péré ni èyí tó wọ́pọ̀ ní, yíyí rẹ̀ kì í sì í ju 650 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó ń lọ ata, ó ń lọ èlùbọ́, ó ń lọ ẹ̀wà, kì í ráhùn. Àwọn ìyá oníẹ̀rọ yìí ló ń gbé iṣẹ́ fún ọ̀gá mi ní Bẹyẹrúnká kí onílọ́rì kankan tó mọ ojú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1974, iṣẹ́ méjì ni mo bá lábẹ́ páànù kan náà. Apá ọ̀tún jẹ́ ti bẹntiróò, apá òsì jẹ́ ti díísù. Ọ̀gá mi kì í ṣàlàyé púpọ̀. Ó máa ń tú méjèèjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á ní ká wò ó. Nínú ti bẹntiróò, epo àti afẹ́fẹ́ ti pò mọ́ra nínú kabúrétọ̀ kí wọ́n tó wọlé, púlọ́ọ̀gì á wá ṣáná sí wọn. Díísù kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì máa kọ́kọ́ fún, á fún un títí yóò fi kéré tó ìdá kan nínú ogún, ooru rẹ̀ á sì kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ìgbà yẹn ni nọ́sù á fín epo sí i, tí iná á sọ fúnra rẹ̀. Irin tí yóò gba irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì díísù fi wúwo, tó fi wọ́n lówó, tó sì fi máa ń pẹ́ láyé bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀.

Rudolf Diesel, ará Jámánì tó ronú rẹ̀ jáde, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1893. Níbi àfihàn ńlá tó wáyé ní Paris ní 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ọ̀kan lára ẹ̀rọ náà. Ọ̀gá mi fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a wò nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Omi díẹ̀ nínú epo tó láti ba pọ́ọ̀ǹpù díísù jẹ́. Bí awakọ̀ bá sì bu karosíìnì lu díísù kí owó lè ṣẹ́ kù, ó ti bà á jẹ́ náà nìyẹn, torí díísù fúnra rẹ̀ ni òróró tí ń mú kí irin inú pọ́ọ̀ǹpù máa yọ̀, karosíìnì kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé ìgbà tí mo wọṣẹ́ ni owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, tí Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Akọ̀wé àti tíṣà tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Bẹẹrẹ lọ sẹ́nu iṣẹ́ lánàá ti di onímọ́tò. Ìjàpá Volkswagen nìyí, Peugeot 504 nìyí, bẹntiróò sì ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ń mu. Àwa ọmọṣẹ́ sáré lọ sí apá ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù, torí ibẹ̀ ni owó wà, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti lè múra dáadáa kí aṣọ rẹ̀ má dúdú.

Ṣùgbọ́n òkè Màpó kò gbàgbé díísù. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó gùn ún á mọ ohun tí mò ń sọ. Bí lọ́rì bẹntiróò tó kó iṣu bá ń gùn ún, ẹ ó rí ọmọ ọkọ̀ tó ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú igi lọ́wọ́, kó lè fi dí táyà bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Nígbà tí Mercedes 911, lọ́rì díísù, dé, ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò eré kó tó ní agbára. Kò ní láti yára yí. Díẹ̀díẹ̀ náà ni yóò fi gbé ẹrù rẹ̀ dókè. Báyìí ni ìlú ṣe pín in fúnra rẹ̀: ẹrù fún díísù, èèyàn fún bẹntiróò.

Àwọn èèyàn rò pé iye owó epo ló pín in bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba sọ iye bẹntiróò di ọ̀kan náà káàkiri Nàìjíríà ní 1973, ní 1986 ó kúrò ní 20 kọ́bọ̀ sí 39.5 kọ́bọ̀. Nígbà yẹn, díísù kò wọ́n tó o, kì í sì í tètè tán nínú táńkì. Bó bá jẹ́ owó epo nìkan ni, díísù ì bá ti gba gbogbo Ìbàdàn.

Ọwọ́ tí yóò tún un ṣe ni kò tó. Bí 504 bá dákú ní Òpópóyéọṣà, ọmọ tó wà nítòsí á fi sáńpépà nu kọ́ńtáàtì, á nu púlọ́ọ̀gì, ọkọ̀ á lọ. Bí pọ́ọ̀ǹpù díísù bá ṣàìsàn, àfi ká tú u, ká gbé e lọ bá ẹni tó ní tábìlì tí wọ́n fi ń wọn ìfín epo. Irú wọn kò pọ̀ nílùú, ìlà ọ̀dọ̀ wọn sì ń gùn. Oníṣòwò tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ kì í ronú sí epo tó ṣẹ́ kù nínú táńkì. Ọjà tí kò dé ló ń rò.

Lẹ́yìn 1986, tí owó náírà já, tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ tuntun kọjá agbára, ọkọ̀ tòkunbọ̀ gba ilẹ̀. Nissan Micra wọ ìgboro, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà kan lọ nínú èyí tó kéré jù, bẹntiróò ló sì ń mu. Lónìí òun ló ń gbé èèyàn gun Màpó tó sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Ọjà'ba. Àwa tá a mọ díísù, jẹnẹrétọ̀ ló bọ́ wa. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ apá òsì kú.

Owó epo sì ti yí padà. Kò sẹ́ni tó ń dín owó díísù kù fún wa ní 2022 tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀: lítà kan tí kò tó 300 náírà ní oṣù kìíní ti kọjá 700 ní oṣù keje. Bẹntiróò wà lábẹ́ ìrànwọ́ ìjọba títí di 29 oṣù karùn-ún, 2023, ó sì fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ilé ìfọpo Dangote náà ti ń fọ epo méjèèjì láti 2024. Ẹni tó bá fi iye tó rí lára pátákó ilé epo lónìí yan ọkọ̀ tí yóò lò fún ọdún mẹ́wàá kò tíì yan nǹkan kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọwọ́ tó ń tún wọn ṣe pàápàá ti ń dín kù, torí kọ̀ǹpútà ti wọ inú bẹntiróò bó ṣe wọ inú díísù. Ọmọ tó mọ sáńpépà nìkan kò lè ran èyíkéyìí nínú wọn lọ́wọ́ mọ́, nítorí náà àwọn ọmọṣẹ́ mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀rọ àyẹ̀wò kí n tó fún wọn ní firídọ̀mù.

Ìyá elélùbọ́ kan tó ń kó ọjà láti Ṣakí wá bá mi. Ó ní, “Bàbá, èwo ni kí n rà, bẹntiróò àbí díísù?”

Mo ní, “Ìyá, àpò mélòó lẹ ń kó lẹ́ẹ̀kan?” Ó sọ iye tó ń kó. Ẹrù díísù ni. Mo tún bi í pé, “Tó bá dákú lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn, ta lẹ mọ̀ níbẹ̀ tó lè ṣe pọ́ọ̀ǹpù?” Kò mọ ẹnì kankan. Mo ní kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà kó tó san kọ́bọ̀.

Nígbà tó padà wá, nọ́ńbà fóònù ẹni méjì ló mú wá, ọ̀kan ní Ìṣẹ́yìn, ọ̀kan ní Ṣakí gan-an. A wá jọ lọ wo ọkọ̀ díísù.